Bọ́tìnnì Kan Tó Ṣẹ́kù Nínú Agolo Tíṣà Felicia

Bí ẹ bá dé Ìyànà Ìbà lónìí, tí ẹ béèrè Tíṣà Felicia lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí irun orí rẹ̀ ti ń funfun, yóò kọ́kọ́ na ẹ̀yìn rẹ̀ gbọọrọ kó tó dá yín lóhùn. Ìbẹ̀rù àtijọ́ ni. Tíṣà Felicia ò fẹ́ràn ọmọ tó bá tẹ ẹ̀yìn jókòó.

Obìnrin yẹn ò ga. Tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìpá tí mo fi ń kó iyanrìn nígbà náà, táyà iwájú lásán á ṣíji bò ó. Ṣùgbọ́n ohùn wo nìyẹn! Ìyàwó mi ní kí n má ṣàsọdùn. Ó dáa, mi ò ní ṣàsọdùn. Tí Tíṣà bá ké "Ẹ dákẹ́!" nínú kíláàsì ní Òkòkòmáíkò, àkùkọ tó wà ní Ìbà á gbé kíkọ tó wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mì.

Ọmọ Ìlaròó ni. Yàrá tó kọjú sí tiwa ló gbà nígbà tó dé, òun àti àpótí páànù kan àti àwòrán ilẹ̀ ayé kan tí wọ́n yà sára aṣọ, tó máa ń ká bí ẹní. Ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ. Lọ́jọ́ ìsinmi, ẹ ó rí i lórí yẹ̀pẹ̀ gbígbóná láìwọ bàtà, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì mọ̀ pé oòrùn ń ràn. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, á wọ bàtà, á di tíṣà padà.

Ayé owó epo là ń sọ yìí o. Ayé tí rédíò ń ké nínú gbogbo yàrá, tí ọkọ̀ tó kó símẹ́ńtì wá tò sórí òkun bí àwọn tó ń dúró de omi ẹ̀rọ. Èmi Àkànbí náà, ìgbà yẹn ni mo ń wa tìpá fún àwọn tó ń la títì ńlá tó lọ sí Àgbádárìgì. Iyanrìn ni mo ń kó, láti ìdájí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọdún yẹn náà ni ìjọba kéde ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Háà! Àwọn ọmọ tú jáde bí èèrà tí wọ́n da omi gbígbóná sí ihò rẹ̀. Kíláàsì tí wọ́n fún Tíṣà Felicia kún tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé tí ọmọ kan bá sín níwájú, ẹni tó wà lẹ́yìn ló máa nu imú.

Lára wọn ni ìbejì Mùsítúrà aránṣọ wà, Táyé àti Ẹ̀hìndé. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni ìyá wọn, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ Òkòkòmáíkò. Àwọn ọmọ yẹn jọra débi pé ìyá wọn fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé òórùn lòun fi ń dá wọn mọ̀. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, òórùn wo?" Ó ní, "Táyé ń rùn bí ewúrẹ́, Ẹ̀hìndé ń rùn bí àgùtàn." Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ odò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí Tíṣà ya odò sára pátákó. Ó fi ẹfun ya orísun rẹ̀ sókè, ó fà á wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ní, "Níbí ni ẹnu odò."

Táyé na ọwọ́. "Tíṣà, odò ò lẹ́nu. Tó bá lẹ́nu, á ti jẹ ẹja inú ẹ̀ tán."

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. Ó bi wọ́n pé, "Ta ló ti rí odò rí?" Wọ́n ń wo ara wọn. Ọmọ kan ní, "Èmi ti rí gọ́tà, mà." Ọmọ tó ń gbé Òkòkòmáíkò, tí omi Ọ̀jọ́ ò jìnnà sí, gọ́tà ló mọ̀! Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Tíṣà ò lè jẹun. Ìyàwó mi gbé ẹ̀kọ lọ fún un, Tíṣà ní, "Mọ̀mí Sìkírù, omi tí ìyá mi fi ń fọ aṣọ nílé wa, odò Yewa, ibí ló ń ṣàn bọ̀. Ó ń kọjá níwájú àwọn ọmọ yìí lójoojúmọ́, wọn ò sì mọ̀ ọ́n rí."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ bá ọ̀gá ilé ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Adékúnlé, ọkùnrin gíga kan tí kì í bọ́ kóòtù kódà nínú oòrùn ọ̀sán.

"Ẹ fẹ́ kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sétí omi?" Ọ̀gá Adékúnlé bọ́ gíláàsì ojú. "Tí ọ̀kan bá jìn sí i ńkọ́?"

"Ọ̀kan ò ní jìn sí i, sà."

"Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Ṣé ẹ máa kà wọ́n ni? Ṣé ẹ ti gbàgbé?"

Tíṣà ò gbàgbé. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ilé ìwé wọlé, níṣojú àwọn òbí, ó ti na ìka sí àwọn ọmọ, ó ń kà wọ́n, oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Kò tíì dé ẹẹ́rin tí ariwo fi sọ. "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ! Tíṣà, ṣé o fẹ́ kí wọ́n dín ni?" Ìyá àgbà kan gbá ọmọ-ọmọ rẹ̀ mú, ó há a sí abíyá bí adìyẹ, ó ń gbé e lọ sílé. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi bẹ̀ ẹ́ kó tó dá ọmọ náà padà.

Ṣùgbọ́n orí pé. Tíṣà ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú nǹkan kékeré kan láti ilé wá. Kó jẹ́ ohun tó mọ̀ ní tirẹ̀, ì báà jẹ́ èkùrọ́, ì báà jẹ́ ìdérí ìgò. Ká tó lọ, oníkálukú á sọ tirẹ̀ sínú agolo mílíìkì ńlá kan. Tí a bá fẹ́ padà, oníkálukú á mú tirẹ̀. Tí agolo bá ṣófo, gbogbo ọmọ pé nìyẹn.

"Ẹnikẹ́ni ò ka ọmọ," ó sọ fún Ọ̀gá Adékúnlé. "Agolo ló máa sọ̀rọ̀."

Ọ̀gá wọ gíláàsì ojú rẹ̀ padà. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n èmi náà máa tẹ̀lé yín. Tí nǹkan bá sì ṣe ọmọ kan níbẹ̀, Mísìs, ẹ má wulẹ̀ padà wá síbí. Ìlaròó ni kí ẹ gbà lọ."

Èmi ni mo gbé wọn. Mo fi ọṣẹ fọ ikùn tìpá mi tó fi ń dán bí àwo ìgbéyàwó, a tẹ́ ẹní sínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ gbọ́. Àwọn ọmọ ń gùn ún, agolo ń dún, kọ́lọ́kọ́lọ́. Táyé dé, ó sọ bọ́tìnnì pupa kan sí i, ó tún sọ bọ́tìnnì pupa mìíràn sí i. Tíṣà ń rẹ ọmọ kan tó ń sunkún lẹ́kún lọ́wọ́, kò wo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Èmi rí i, ṣùgbọ́n kí ni dírẹ́bà tìpá mọ̀ nípa bọ́tìnnì?

A dé etí omi Ọ̀jọ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò rí omi. Omi yẹn mọ́ débi pé ẹja ń wo àwòjìji ara wọn. Ọ̀kan fò sókè níwájú wa, ó tóbi tó ìlẹ̀kùn tìpá. Ìyàwó mi ní ó tó ọwọ́ ọmọdé. Kò sí níbẹ̀.

Tíṣà bọ́ bàtà rẹ̀, bíi ti ọjọ́ ìsinmi. Ó mú èèpo àgbọn kan, ó gbé e lé omi. "Ẹ máa wò ó. Omi ló máa sọ fún yín ibi tó ń lọ." Èèpo náà ń rọra lọ, àwọn ọmọ ń sáré tẹ̀lé e létí omi. "Ó ń lọ sí Èkó! Tíṣà, ó ń lọ sí Èkó!" Tíṣà ń rẹ́rìn-ín. Mi ò rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Ó na ọwọ́ sí ìwọ̀ oòrùn. "Ọ̀hún ló ti wá. Ó kọjá lẹ́bàá ìlú mi kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ kí i."

Gbogbo wọn bá dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ o, odò!" Àlàó, apẹja tó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe nítòsí, dáhùn fún omi náà: "Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ọmọ!" Ẹ̀rín pa wá.

Gbogbo ìgbà yẹn, Táyé ò dúró sójú kan. Ẹ rí i nídìí ọkọ̀ Àlàó, kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti wà lábẹ́ igi àgbọn. Ọ̀gá Adékúnlé jókòó lórí àga tó gbé wá láti ilé ìwé, agboòrùn lórí rẹ̀, ó ń mi orí. "Àwọn ìbejì yìí! Wọ́n wà níbi gbogbo."

Oòrùn yẹ àtàrí. Tíṣà gbé agolo jáde. Oníkálukú ń mú tirẹ̀, wọ́n ń gun tìpá. Èkùrọ́ tèmi, ìkarahun tèmi, okùn tèmi. Táyé mú bọ́tìnnì pupa kan, ó fò sókè, ó jókòó. Nígbà tí ọmọ tó kẹ́yìn gùn ún tán, Tíṣà gbọn agolo náà.

Ó dún. Kọ́lọ́.

Ibi tí a dé yìí, ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò fi nǹkan kan kún un. Kò nílò rẹ̀.

Tíṣà ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó yọ bọ́tìnnì pupa jáde. Ó gbé e sókè. "Ta ló ni èyí?"

"Ti Ẹ̀hìndé ni," Táyé dáhùn.

"Ẹ̀hìndé dà?"

Táyé wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. Kó tó ya ẹnu, Ọ̀gá Adékúnlé ti dìde. "Ẹ̀hìndé? Mo rí i nísinsìnyí! Mo fi ojú mi méjèèjì rí wọn. Ọ̀kan wà lábẹ́ igi àgbọn, èkejì ń ṣeré nídìí ọkọ̀ ojú omi. Nídìí ọkọ̀ yẹn gan-an!"

Gbogbo wa wo ìdí ọkọ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, àfi omi.

"Èmi náà rí i nídìí ọkọ̀," ọmọ kan ké láti inú tìpá. "Èmi náà!" Táyé bú sẹ́kún. Ẹkún tí ò ní ọ̀rọ̀ nínú ni, ó ń mì látòkè délẹ̀. Nígbà tí a gbọ́ irú ẹkún yẹn lẹ́nu ìkejì rẹ̀, ta ló tún fẹ́ béèrè nǹkan kan?

Àlàó ti bọ́ sínú omi. Àwọn apẹja mìíràn sáré wá, wọ́n ń rì sísàlẹ̀, wọ́n ń jáde, wọ́n ń fi òpó gún ilẹ̀ omi. Ìgbà tí mo máa bojú wẹ̀yìn, Tíṣà Felicia ti wọ inú omi tòun taṣọ, ó ti mu ún dé àyà, kò sì mọ omi í wẹ̀. Mo fà á jáde. Kò bá mi jà. Ó kàn ń sọ pé, "Mo ní kí wọ́n kí i. Mo ní kí wọ́n kí i, Bọ̀dá Àkànbí."

Ọ̀gá Adékúnlé ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí tésàn."

"Rárá, sà." Ohùn Tíṣà ò ju ti ọmọdé lọ, ohùn tó ń pa àkùkọ lẹ́nu mọ́. "Ìyá ẹ̀ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu ọlọ́pàá. Èmi ni mo gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀. Èmi ni màá lọ sọ fún un."

A fi àwọn apẹja sílẹ̀ nínú omi, a já àwọn ọmọ yòókù sílẹ̀ ní ilé ìwé. Ó ku Táyé, tí Tíṣà gbé lé itan níwájú lọ́dọ̀ mi, àti Ọ̀gá Adékúnlé tó rún kóòtù rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn. Tíṣà di bọ́tìnnì yẹn mú, ọwọ́ rẹ̀ ò ṣí. Táyé ti sunkún sùn. Mo rọra ń wa ọkọ̀. Mo ti wa ọkọ̀ láti Èkó dé Kánò rí, ọ̀nà kankan ò gùn tó ọ̀nà Òkòkòmáíkò lọ́jọ́ náà.

Mùsítúrà wà nídìí ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ó gbójú sókè. "Ẹ kú àbọ̀ o. Háà, Tíṣà, òjò pa yín ni? Níbo lòjò ti rọ̀?"

Tíṣà kúnlẹ̀ sórí yẹ̀pẹ̀. Omi ń kán lára rẹ̀.

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Kí ló dé? Ṣé Táyé tún ti gé ọmọ ẹlòmíì jẹ ni?"

"Ìyá Ìbejì," Tíṣà sọ. Ó tún sọ pé, "Ìyá Ìbejì." Ó na ọwọ́, ó ṣí i. Bọ́tìnnì wà níbẹ̀.

Mùsítúrà wò ó. "Ti Ẹ̀hìndé nìyẹn."

"Ọwọ́ mi ló ti bọ́," Tíṣà ní. "Etí omi ni. Mi ò mọ ìgbà tó..."

Aṣọ ìlẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn Mùsítúrà mì. Orí kan yọ jáde nínú òkùnkùn yàrá. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́ mi dáadáa: orí náà wú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì wú bí ti ẹni tí omi ti wọ̀ lára, gbogbo ojú rẹ̀ sì dúdú bí aró, ó ń dán.

Tíṣà Felicia ké "Jésù!", ó ṣubú sẹ́yìn. Ọ̀gá Adékúnlé wọ abẹ́ tìpá tòun ti kóòtù. Èmi? Èmi ò sá. Ẹsẹ̀ mi ló sá, mo kàn tẹ̀lé e ni.

Òkú omi náà ya ẹnu, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Táyé dà? Bọ́tìnnì mi dà?"

Mùsítúrà ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Kí ló ṣe yín? Ṣé ẹ ò rí ṣegede rí ni? Búlúù ìfọṣọ ni mo fi kùn ún lẹ́rẹ̀kẹ́. Ìdájí òní ló wú, mo sì rán Táyé pé kó sọ fún Tíṣà pé ìkejì òun ò ní lè wá."

Táyé ti jí. Ó ń nu imú níwájú tìpá. "Mo gbàgbé," ó ní. "Tìpá ti dé."

"Kí ló dé tó ò sọ fún wa létí omi?" mo ké mọ́ ọn.

"Ọ̀gá ní àwọn rí i nídìí ọkọ̀! Ẹ̀hìndé sì ti sọ láàárọ̀ pé kò sí ohun tí ìyá wa lè ṣe, òun máa tẹ̀lé wa wá." Ẹkún tún gbọ̀n ọ́n. "Mo rò pé ó wá lóòótọ́ ni."

Tíṣà ṣì wà nílẹ̀. Ó rọra béèrè pé, "Ìyá Ìbejì, tó bá jẹ́ pé kò lè wá, kí ló dé tí bọ́tìnnì rẹ̀ fi wá?"

Ó ya Mùsítúrà lẹ́nu. "Ẹ̀yin náà, Tíṣà! Ẹ ní kí Táyé mú nǹkan wá. Ṣé mo lè fún Táyé kí n má fún Ẹ̀hìndé? Ta ló ń fún ọ̀kan nínú ìbejì?"

Òótọ́ ni. Ìyá ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ mú Tíṣà, ẹkún tẹ̀lé e, ẹ̀rín tún padà. Ó fa Ẹ̀hìndé mọ́ra, aró búlúù wọ̀ ọ́ láṣọ, wọ̀ ọ́ lójú, ó ń gbọ́ òórùn orí ọmọ náà bí ẹni pé òun náà fẹ́ mọ̀ bóyá àgùtàn ni. Mùsítúrà dì í mú léjìká nígbà tó yé e ohun tí a ti gbé wá fún un. Ó jókòó sílẹ̀ yẹ̀pẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tíṣà, ó ń fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ àti ẹ̀yìn Tíṣà pọ̀. "Alihamudulilai," ó ń sọ. "Alihamudulilai."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo abẹ́ tìpá. "Ọ̀gá, àwọn méjèèjì tí ẹ fojú yín méjèèjì rí ńkọ́?"

Ohùn kan dáhùn lábẹ́ ọkọ̀. "Àkànbí, fà mí jáde, jọ̀ọ́. Ojú kọ̀ọ̀kan ló rí ọmọ kọ̀ọ̀kan."

Mo padà sáré lọ sí Ọ̀jọ́, mo ń fun fèrè tìpá láti Ìyànà Ìbà dé etí omi. Àlàó jáde, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n nínú òtútù. Nígbà tí mo rò fún un tán, ó bi mí pé, "Ọmọ tó wà nílé tó ń jẹ ẹ̀kọ ni mo ń wá nínú omi láti ọ̀sán?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Olúwa ṣeun! Irú ìwákiri tó yẹ kéèyàn máa wá nìyẹn. Èyí tí a ò ní rí!"

Ṣé ẹ rò pé Tíṣà ò tún ní bá omi da nǹkan pọ̀ mọ́? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ẹ̀hìndé wálẹ̀, ó tún lọ bá Ọ̀gá Adékúnlé. Ó ní bọ́tìnnì ọmọ náà ti dé odò, ọmọ fúnra rẹ̀ ò tíì dé ibẹ̀, kò dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ò jiyàn. Ó kàn ní òun ò ní tẹ̀lé wọn lọ́tẹ̀ yìí, pé ojú ń dun òun.

Táyé náà lọ. Ta ló ń mú ọ̀kan nínú ìbejì lọ sí ìrìn àjò? Ìyá wọn náà pa ẹ̀rọ tì, ó bá wa lọ. Ẹ̀hìndé dọ̀bálẹ̀ fún omi, Àlàó dáhùn, èèpo àgbọn gba Èkó lọ. Nígbà tí a fẹ́ padà, Tíṣà gbé agolo síwájú wọn. Ọ̀kan mú bọ́tìnnì pupa kan. Èkejì mú èkejì.

Àwọn ọmọ ti wà lókè, mo ti ta ẹ́ńjìnnì jí. Tíṣà ò tíì gun ọkọ̀. Ó dúró létí omi láìwọ bàtà, ó gbé agolo náà sétí, ó gbọn ọ́n. Ó tún gbọn ọ́n. Mo pa ẹ́ńjìnnì kó lè gbọ́ ọ dáadáa.

Kò dún.

Ó dé agolo rẹ̀, ó gun ọkọ̀, ó ní, "Bọ̀dá Àkànbí, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."